Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta rẹ́sídẹ́ńsì: ṣé iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ ní ọjà ní Amẹ́ríkà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹta rẹ́sídẹ́ńsì, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́sibítù lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ dókítà, ni mo wà yìí, ní Ohio. Ìparí oṣù kẹfà ni mo máa ṣetán. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ dókítà ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé oníṣẹ́ abẹ ni wá, pé a ó máa to ọrùn ẹsẹ̀ tó fọ́, a ó máa tún eegun tó wọ́ ṣe. Mo ti ń ṣe é, ọwọ́ mi sì ti mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ti fi lọ̀ mí báyìí, gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ gígé èékánná àti híha awọ gìgísẹ̀. Èyí tó sàn jù nínú wọn ń san $110,000 lọ́dún. Gbèsè ilé ẹ̀kọ́ mi ti lé ní $280,000. Màmá mi ní Ìbàdàn ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ti di oníṣẹ́ abẹ. Ṣé òótọ́ ni pé ohun tí a kọ́ yìí kò ní ọjà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohunkóhun pa mọ́ fún mi.

* * *

Àbúrò mi, ọjà wà. Ibi tí ọjà náà wà ni ẹnikẹ́ni kò fi hàn yín nílé ẹ̀kọ́.

Mo parí rẹ́sídẹ́ńsì tèmi ní 2014. Ẹgbẹ́ tiwa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn tí CPME, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn dókítà ẹsẹ̀, sọ ọ́ di dandan ní 2011 pé ọdún mẹ́ta gbáko ni rẹ́sídẹ́ńsì, kí iṣẹ́ abẹ sì wà nínú rẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, àwọn míì ń fi ọdún méjì jáde. Ìyípadà yẹn dáa, mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: gbogbo ẹni tó ń jáde lónìí ló mọ abẹ dì mú. Pípè tí wọ́n ń pè ọ́ ní oníṣẹ́ abẹ kò tún yà ọ́ sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ ń wo ohun tó ń mówó wọlé fún un. Bó bá jẹ́ èékánná ni, èékánná ló máa gbé lé ọ lọ́wọ́, ì báà jẹ́ pé ọwọ́ rẹ lè to eegun 26 inú ẹsẹ̀ pa dà lójú oorun.

Ìlú ńlá kan ní Texas ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbà. Dókítà kan ló ni kílíníìkì náà, ẹ̀ka mẹ́ta ló ní. $90,000 ni owó ọdún mi. Wọ́n ní bí owó tí mo bá mú wọlé bá ti kọjá ìlọ́po mẹ́ta owó mi, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó lé jẹ́ tèmi. Ó dùn létí. Mo mú $310,000 wọlé lọ́dún àkọ́kọ́. Yọ $270,000 kúrò níbẹ̀, ó ku $40,000. Ìdá 30 rẹ̀ jẹ́ $12,000. Nínú $310,000, $102,000 ló kàn mí.

Ní gbogbo Ọjọ́rú, ilé àwọn arúgbó ni mo máa ń lọ. Báàgì kan ni mo gbé dání: ìgékánná ńlá méjì, ẹ̀rọ kékeré tó ń ha èékánná, ìbọ̀wọ́, sípíríìtì. Arúgbó 28 láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Eruku èékánná á bo gíláàsì ojú mi títí mi ò fi ní ríran dáadáa mọ́. Àwọn arúgbó yẹn nílò iṣẹ́ náà. Ìyá kan wà tí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ ti tẹ̀ kọrọdọ, tó ti gún ìka kejì wọnú ẹran. Nígbà tí mo gé e tán, ó di ọwọ́ mi mú, kò jẹ́ kí n kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò fojú kéré iṣẹ́ yẹn títí dòní. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù 14 tí mo lò níbẹ̀, iṣẹ́ abẹ 11 péré ni mo ṣe. Ó dé ibì kan tí mo ń lálàá pé mo dúró ní tíátà, mi ò sì rántí bí wọ́n ṣe ń fi súkúrù wọnú eegun.

Ìyẹn ni kó o bẹ̀rù, ju $110,000 yẹn lọ.

* * *

Ẹnì kan ti kọ̀wé sí mi pé kí n má tan ọmọ ọlọ́mọ, pé iṣẹ́ abẹ kì í mówó wọlé rárá, kílíníìkì ló ń bọ́ èèyàn. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Medicare, ìnṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, ní òṣùwọ̀n kan tó ń pè ní wRVU, òun ló fi ń díwọ̀n iṣẹ́ dókítà, ọ̀pọ̀ ọsibítù sì ń fi òun náà san owó. Aláìsàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba àròjinlẹ̀ díẹ̀ ní kílíníìkì, tí a máa ń kọ nọ́ńbà ìsanwó 99214 sí, 1.92 ni. Gígé èékánná mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 11721, lé díẹ̀ ní 0.5. Iṣẹ́ abẹ kókó tó máa ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀, 28296, lé díẹ̀ ní 8. Aláìsàn márùn-ún tó jẹ́ 1.92 kọ̀ọ̀kan á fún ọ ní 9.6, o sì lè rí márààrún láàárín wákàtí kan àtààbọ̀. Ti kókó ńkọ́? Kó o tó dé ọsibítù, kó o pààrọ̀ aṣọ, kí wọ́n fún aláìsàn lóògùn oorun, kó o gé eegun kó o sì tò ó, kó o jáde lọ bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìdajì ọjọ́ ti lọ. Láti ọjọ́ yẹn, 90 ọjọ́ gbáko ni wàá fi máa wo ojú egbò náà láì gba kọ́bọ̀ sí i, torí Medicare ti ka gbogbo rẹ̀ mọ́ owó àkọ́kọ́.

Nítorí náà, bó o bá jókòó sí kílíníìkì aládàáni, ìṣirò wọn tọ́. Ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀ ni owó tó ń wọ àpò ọsibítù. Lọ́tọ̀ sí owó dókítà, ọsibítù ń gba owó tíátà pẹ̀lú irin àti súkúrù, owó bẹ́ẹ̀dì, owó MRI, owó ìtọ́jú egbò. Dókítà tó dá kílíníìkì tirẹ̀ sílẹ̀ kì í rí ìkankan nínú ìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọsibítù fi lè san owó tí ọ̀gá mi ní Texas kò lè san, fún ọwọ́ kan náà. Nígbà tí mo kúrò lọ sí ọsibítù kan nílùú kékeré kan ní Iowa, $215,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò gbọ́n ju ti ọjọ́ tó ṣáájú lọ. Ìṣirò ìjọba Amẹ́ríkà fún 2023 sọ pé ẹni tó wà ní àárín láàárín gbogbo dókítà ẹsẹ̀ ń gba nǹkan bí $141,000 lọ́dún. Ìdajì ló wà lókè ìyẹn, ìdajì ló wà nísàlẹ̀. Ohun tí mo rí láàárín àwọn tí a jọ jáde ni pé irú ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́ ló pín wọn sí méjì, ju bí wọ́n ṣe mọ iṣẹ́ sí lọ.

* * *

Ọ̀gá kan ti dá sí i, ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti 1991. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi. Wọ́n ní àwa ọmọ ìsinsìnyí fẹ́ owó ńlá láìfẹ́ gbé ewu. Wọ́n ní àwọn ló ń san owó ilé, owó òṣìṣẹ́ mẹ́fà, owó kọ̀ǹpútà. Bí àwọn bá gba dókítà tuntun, oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, á kọjá kí àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn á sì máa san owó oṣù ẹni tí kò lè mú kọ́bọ̀ wọlé. Wọ́n ní àwọn náà gé èékánná lọ́dún mẹ́wàá kí àwọn tó kọ́ ilé tí àwọn ń gbé.

Ẹ ṣeun, sà. Ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì yẹn, ẹ jàre rẹ̀ pátápátá. Àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì kì í mọ̀ ọ́n, wọ́n á rò pé ọjọ́ tí àwọn bá dé ni owó bẹ̀rẹ̀. Àbúrò, bẹ̀rẹ̀ ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ àti ti ìnṣọ́ránsì kété tó o bá ti fọwọ́ sí iṣẹ́. Má dúró de oṣù kẹfà.

Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, sà, ibì kan wà tí mi ò lè bá yín lọ. Nígbà tí ẹ̀yin bẹ̀rẹ̀, gbèsè ilé ẹ̀kọ́ kò rí bó ṣe rí lónìí. Ẹni tó jẹ $280,000, èlé ń gorí rẹ̀ lójoojúmọ́, kò lè fi ọdún mẹ́wàá dúró. Ìlérí tí wọ́n sì máa ń ṣe pé “tó bá yá, mo máa ta kílíníìkì yìí fún ọ”, mo ti gbọ́ ọ, àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin ti gbọ́ ọ. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ló rí i kó wọnú ìwé, pẹ̀lú iye àti ọdún. Òun nìkan ló ni kílíníìkì lónìí. Àwa yòókù, ọ̀gá wa tà á fún ilé iṣẹ́ olówó ńlá tàbí kó fi í fún ọmọ rẹ̀. Tí ọ̀gá bá ní kílíníìkì náà yóò di tìrẹ, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Tí kò bá fẹ́ kọ ọ́, o ti gba èsì rẹ.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣiṣẹ́ lábẹ́ aládàáni o. Àwọn kan wà tó ń fi ìwé owó han àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn lóṣooṣù. Wá irú wọn.

* * *

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù àti òfin ìpínlẹ̀, torí àwọn mẹ́ta ló bi mí.

ABFAS ni bọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀, àjọ tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí pé ọwọ́ ẹni mọ́ iṣẹ́ náà. Kó tó di 2014, ABPS ni wọ́n ń pè é. Ìdánwò nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń gbà á. O gbọ́dọ̀ kó àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ tí ìwọ fúnra rẹ ṣe lẹ́yìn rẹ́sídẹ́ńsì sílẹ̀, oríṣiríṣi, pẹ̀lú fọ́tò ẹ̀sírè ṣáájú àti lẹ́yìn, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún tí wọ́n fún ọ ní òpin. Wàyí o, pa dà lọ wo iṣẹ́ abẹ 11 mi ní oṣù 14. Ká ní mo dúró níbẹ̀ ọdún márùn-ún, n kì bá tí rí iṣẹ́ tó pọ̀ tó láti fi han bọ́ọ̀dù. Láìsí bọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ ọsibítù kì í fúnni láṣẹ láti wọ tíátà wọn. Láìsí àṣẹ, kò sí iṣẹ́ abẹ. Bí ilẹ̀kùn ṣe ń tì nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní bá ọ jà. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní ìlú ńlá kan ní ìlà oòrùn, òun ló mọ iṣẹ́ jù nínú gbogbo wa ní rẹ́sídẹ́ńsì. Kò tíì wọ tíátà láti 2019.

ABPM, bọ́ọ̀dù kejì, náà bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní ìwé ẹ̀rí àfikún lórí iṣẹ́ abẹ ní 2022, ariwo ńlá sì sọ láàárín àwọn méjèèjì. Mi ò ní jókòó sórí ìjà yẹn níbí. Ohun tó kàn ọ́ ni kó o béèrè ìwé òfin ọsibítù tó fẹ́ gbà ọ́, kó o ka orúkọ bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an.

Ti ìpínlẹ̀: òfin kì í dọ́gba. Ní Florida, a lè ṣiṣẹ́ dé ìsàlẹ̀ orúnkún díẹ̀. Ní New York, ẹsẹ̀ nìkan ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ́n fi buwọ́ lu òfin tuntun ní 2012, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, tó fún àwọn tó bá kúnjú òṣùwọ̀n láyè láti fọwọ́ kan ọrùn ẹsẹ̀. Ní Texas, bọ́ọ̀dù ìpínlẹ̀ tó ń fún dókítà ẹsẹ̀ níwèé àṣẹ sọ nínú ìlànà kan pé ọrùn ẹsẹ̀ wà lára ẹsẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà eegun gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fagi lé ìlànà náà ní 2008. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ọrùn ẹsẹ̀ ni ọkàn rẹ fẹ́, ka òfin kó o tó wo owó ilé.

Òfin nìkan sì kò tó. Níbi tí òfin bá gbà ọ́ láyè, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé kọ́ọ̀lù lóru ni wọ́n máa pè nígbà tí ọrùn ẹsẹ̀ bá fọ́. Bí ọsibítù bá ní dókítà eegun mẹ́jọ tó ń pín kọ́ọ̀lù láàárín ara wọn, o lè jókòó síbẹ̀ ọdún mẹ́ta láìrí ẹyọ kan. Níbi tí dókítà eegun kan ṣoṣo wà tó sì ti rẹ̀ ẹ́, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀ ọ́ pé kó o gbà á. Èyí tó ń bẹ̀bẹ̀ yẹn ni mo bá pàdé ní Iowa.

* * *

Ẹnì kan bi mí tààràtà: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìlú kékeré yẹn tó bẹ́ẹ̀?”

Ẹ jẹ́ kí n sọ òru kan. Oṣù kẹwàá ni, wọ́n ń kórè àgbàdo lọ́wọ́. Aago méjì òru ni fóònù mi dún. Àgbẹ̀ kan, ẹni ọdún 61. Àtọ̀gbẹ ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀, kì í mọ ìgbà tí nǹkan bá gún un. Bàtà tuntun ló wọ̀ lórí ẹ̀rọ ìkórè fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ti bó o lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka kékeré, kò mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló gbóòórùn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, gbogbo wa sún sẹ́yìn. Mo fi ìka tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà, ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ ìka mi bí ìyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ. Afẹ́fẹ́ ti wà nínú ẹran. Wọ́n ti pe áńbúláǹsì tó máa gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, wákàtí méjì àtààbọ̀ lójú ọ̀nà. Pẹ̀lú bí ẹsẹ̀ yẹn ṣe rí, bó bá fi gun ọ̀nà yẹn, ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọn ì bá ti gé e.

Mo ní kí wọ́n ṣí tíátà. Mo la ẹsẹ̀ náà lóru yẹn, mo yọ ìka méjì, mo fọ gbogbo ìdọ̀tí jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, nígbà tí ara rẹ̀ ti balẹ̀, a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà iṣan ẹ̀jẹ̀, wọ́n ṣí iṣan tó dí, wọ́n dá a pa dà. Mo wá gé iwájú ẹsẹ̀ tó ti kú, mo sì na iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ kí egbò míì má bàa yọ níwájú. Ní oṣù kejì ọdún, ó fi gìgísẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ kílíníìkì mi, ó gbé ẹyin adìyẹ páálí méjì dání, ìyàwó rẹ̀ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀.

Nǹkan bí mílíọ̀nù 38 èèyàn ló ní àtọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà. Egbò ẹsẹ̀ ń ṣe àwọn tó wà nílùú ńlá, ó ń ṣe àwọn tó wà lóko, ó sì máa ń le jù lára àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tiwa àti àwọn tí kò lówó. Gbogbo ohun tí o kọ́ ní rẹ́sídẹ́ńsì, bí wọ́n ṣe ń gé eegun, bí wọ́n ṣe ń bo ojú egbò, bí wọ́n ṣe ń na iṣan, òun ni mo lò lóru yẹn. Àwọn tó ń sọ pé iṣẹ́ abẹ wa kò ní ọjà, kókó àtàǹpàkò àwọn oníbàtà gogoro ni wọ́n ń rò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọsibítù náà kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé kí wọ́n pè mí kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ èyíkéyìí kúrò nílùú.

* * *

VA ńkọ́? Ẹ má fojú fo ọsibítù àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì. Títí di 2018, owó tí wọ́n ń san fún wa níbẹ̀ kéré gan-an sí ti dókítà yòókù. Òfin MISSION, tí wọ́n buwọ́ lù lóṣù kẹfà ọdún yẹn, fi wá sórí tábìlì owó kan náà pẹ̀lú wọn. Àtọ̀gbẹ pọ̀ láàárín àwọn sójà àtijọ́, egbò kò lè tán níbẹ̀.

VA àti ọsibítù tí kì í ṣe ti èrè tún ní ohun kan tí kílíníìkì aládàáni kò ní: PSLF. Bó o bá san gbèsè ìjọba àpapọ̀ nígbà 120, bó ṣe tọ́ sí owó tó ń wọlé fún ọ, nígbà tí o ń ṣiṣẹ́ fún irú wọn, wọ́n á pa èyí tó kù rẹ́. Ọdún mẹ́wàá nìyẹn. Ọdún mẹ́ta rẹ́sídẹ́ńsì sì lè wà nínú rẹ̀, bó bá jẹ́ ọsibítù bẹ́ẹ̀ lo ti ṣe é, tó o sì ń san an. Ṣé o ti ń san, àbúrò? Bó o bá dá a dúró láti ìgbà tó o ti wọlé, oṣù wọ̀nyẹn kò wọnú ìṣirò. Pe àwọn tó mú gbèsè rẹ dání lọ́la.

* * *

Ìyá kan ní Houston kọ̀wé pé ọmọ òun ọkùnrin fẹ́ lọ ṣe dókítà ẹsẹ̀, àwọn ará ilé sì ń béèrè bóyá dókítà gidi ni. Ó ń dun ìyá náà, mo sì mọ bó ṣe ń dunni, torí bàbá tèmi náà béèrè.

Màmá, dókítà gidi ni. Medicare ti ka dókítà ẹsẹ̀ mọ́ dókítà láti ìgbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe ní 1967. Ọdún mẹ́rin ni ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn yunifásítì, ọdún mẹ́ta rẹ́sídẹ́ńsì. Ẹsẹ̀ ìyá àwọn tó ń béèrè yẹn, tó ní àtọ̀gbẹ, ọwọ́ ọmọ yín ló máa dé, bí ẹ bá fún un láyè.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó mọ ohun méjì kó tó wọlé. Àkọ́kọ́, láti oṣù keje 2026, ìjọba àpapọ̀ kì í yá akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní irú ilé ẹ̀kọ́ yìí ju $50,000 lọ́dún àti $200,000 lápapọ̀ mọ́. Bí owó ilé ẹ̀kọ́ àti owó ilé bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ báǹkì aládàáni ló máa bọ́ sí, báǹkì kì í sì í pa gbèsè rẹ́ bíi PSLF. Èkejì, àyè rẹ́sídẹ́ńsì. Ní nǹkan bí 2013, àwọn tó jáde pọ̀ ju àyè tó wà lọ, mo rí àwọn ọ̀rẹ́ tó fi odidi ọdún jókòó sílé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Àyè ti pọ̀ dáadáa lẹ́yìn ìgbà náà. Kí ó máa wò ó lọ́dọọdún, torí ilé ẹ̀kọ́ tuntun ń ṣí, bí èyí tí yunifásítì ìjọba ṣí ní àfonífojì Rio Grande ní Texas.

Ẹ jẹ́ kó lọ tẹ̀ lé dókítà ẹsẹ̀ kan fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó san kọ́bọ̀. Kó má ṣe lọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ nìkan o. Kó lọ ọjọ́ èékánná náà.

* * *

Àbúrò mi ti pa dà wá. Ó ní ọsibítù kan ti pè é, ìlú tó ní èèyàn bí 18,000, wọ́n sọ $230,000. Ó ní inú òun dùn, ẹ̀rù sì ń ba òun, torí kò sí ọmọ Yorùbá kankan níbẹ̀, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, òun kò tíì lọ́kọ, màmá òun sì ń béèrè ta ni òun máa rí níbẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọdún àkọ́kọ́ le. Wákàtí méjì ni mo ń wa ọkọ̀ lọ sí Des Moines láti ra èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ. Mo ń gé irun ara mi. Ní ọjọ́ Sunday, orí fóònù ni mo ti ń bá wọn ṣe ìsìn. Bó bá jẹ́ pé ìdánìkanwà máa ń wọ̀ ọ́ lára gan-an, wá ọsibítù tí kò ju wákàtí kan lọ sí ìlú ńlá. Wọ́n wà, owó wọn á dín díẹ̀. Ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni mo ń sọ, kó o rí iṣẹ́ abẹ tó tó fún bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ti ní bọ́ọ̀dù àti ọwọ́ tó gbóná, ìlú ńlá náà máa wá a.

Nígbà tó o bá lọ rí wọn, má jẹ́ kí oúnjẹ alẹ́ tí wọ́n máa sè fún ọ gba ọjọ́ náà. Ní kí wọ́n mú ọ wọ tíátà. Wò ó bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ ẹ̀sírè kékeré tí a fi ń wo eegun lórí tábìlì, àti irin tó yẹ ẹsẹ̀, torí súkúrù itan kò wúlò fún ọ. Béèrè ọjọ́ tíátà tìrẹ: ọjọ́ wo, wákàtí mélòó, ta ló ń lò ó báyìí? Lọ jókòó ti dókítà eegun wọn fúnra rẹ, láìsí alábòójútó ọsibítù níbẹ̀, kó o bi í ohun tó máa fẹ́ kó o gbà kúrò lọ́wọ́ òun. Ojú rẹ̀ ló máa sọ fún ọ. Béèrè ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ, ìdí tó fi lọ, iye iṣẹ́ abẹ tó ṣe lọ́dún tó kẹ́yìn. $230,000 yẹn sì ńkọ́, ọdún mélòó ló dájú kí wọ́n tó yí i sí wRVU? Tí wọ́n bá ní ọdún kan péré, ní kí wọ́n sọ ọ́ di méjì.

Nínú ìwé àdéhùn, ibi méjì ló pa mí lára ní Texas. Ìkíní, ìnṣọ́ránsì ẹ̀sùn. Irú tí mo ní ń dáàbò bo èèyàn nígbà tó bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan. Bí aláìsàn bá pè mí lẹ́jọ́ lẹ́yìn tí mo ti lọ, mo dá wà. Mo ní láti ra àfikún tí wọ́n ń pè ní tail, $14,000 látinú àpò mi, lọ́sẹ̀ tí mo ń kó ẹrù. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ló máa san án. Ìkejì, ìlà tó sọ pé mi ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní máìlì 15 sí èyíkéyìí nínú ẹ̀ka wọn fún ọdún méjì. Ẹ̀ka mẹ́ta, máìlì 15 yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká: gbogbo ìlú náà ti tán nìyẹn. Ìjọba àpapọ̀ gbìyànjú láti fòfin de irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Texas sì wọ́gi lé òfin náà lóṣù kẹjọ ọdún yẹn, nítorí náà òfin ìpínlẹ̀ tó o bá wà ló máa bá ọ ṣe é. California kì í gbà á rárá. Ọ̀pọ̀ ibòmíì ń gbà á.

Wá agbẹjọ́rò tó mọ àdéhùn àwọn dókítà, kì í ṣe ọmọ ìjọ tó ń ṣe ìwé ilé. Kó tó di ìgbà yẹn, ya fọ́tò ojú ìwé tó sọ iye máìlì àti ojú ìwé ìnṣọ́ránsì ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ òní. Mo wà lórí kọ́ọ̀lù, mi ò ní sùn kí aago kan tó lù.